Síkáànì àti Àrùn Tó Ti Wọ Ara: Èwo Ni Kí Ó Ṣáájú?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ owó ìrànwọ́ ìlera ẹgbẹ́ wa ní Àbújá

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fẹ́, nítorí òun ni gbogbo ẹgbẹ́ máa ń fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n akọ̀wé wa sọ fún mi pé owó tí a ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ lónìí, owó tí a ó fi ran ẹni tí àìsàn òjijì bá kì mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ni, àti pé ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù lọ nínú ìgbìmọ̀ ni ọ̀rọ̀ síkáànì. Àwọn kan ní owó síkáànì ni kí ẹgbẹ́ máa kọ́kọ́ san, kí a lè mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Àwọn kan ní ọgbọ́n tí àwọn dókítà fi ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ni síkáànì, kí ẹgbẹ́ má tilẹ̀ fi owó rẹ̀ sí i rárá. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá X-ray. N kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n iwájú mi ni àwọn dókítà ti máa ń ṣe àríyànjiyàn yìí, aláìsàn á sì wà lórí kẹ̀kẹ́ láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú àìsàn tí mo ní lọ́kàn. N kò sọ ti ibà tí ènìyàn ń lo oògùn sí fún ọjọ́ mẹ́ta tí ó sì tún padà sí ọjà. Mo ń sọ ti àrùn tó gba ibì kan wọ ara, bóyá ojú ọgbẹ́ ni, bóyá ẹ̀dọ̀fóró, bóyá ojú ìtọ̀, bóyá inú ìfun, tàbí ilé ọmọ lẹ́yìn ìbímọ, tí kò sì dúró síbi tó gbà wọlé. Ara á gbé ìjà kò ó. Ìjà náà á le débi pé ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, kíndìnrín á kọ iṣẹ́, mímí á di iṣẹ́ ńlá, ọkàn á máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Sepsis ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn ará ilé kì í mọ orúkọ yìí, ohun tí wọ́n máa ń wí nígbà tí ó bá parí ni pé, “Ibà lásán ló ṣe é, ó kàn gbé e lọ ni.”

Kò sì ṣọ̀wọ́n o. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ṣe fún ọdún 2017, tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Lancet ní 2020, fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 49 ènìyàn ló ṣe ní ọdún kan ṣoṣo yẹn káàkiri ayé, mílíọ̀nù 11 nínú wọn sì kú. Ìyẹn ni pé nínú ènìyàn márùn-ún tó kú láyé lọ́dún náà, ọwọ́ àìsàn yìí wà nínú ikú ẹnì kan. Nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ló jẹ́ ní irú orílẹ̀-èdè tiwa, níbi tí owó kò ti pọ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ ọ́n nílé? Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná gan-an, tàbí tí ara rẹ̀ tutù nini lẹ́yìn ìgbà tó ti gbóná; tí èémí rẹ̀ ń yára; tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́; tí kò tọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́; tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Bí ẹ bá rí méjì nínú nǹkan wọ̀nyí lára ẹni tó ní àrùn níbì kan lára, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́.

Wàyí o, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ńkọ́? Jámánì kan tó ń jẹ́ Röntgen ló kọ́kọ́ rí ìtànṣán X-ray ní November 1895. Ìtànṣán yìí ń la ẹran ara kọjá, ṣùgbọ́n egungun ń dá a dúró, nítorí náà egungun á funfun lórí àwòrán, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró á sì dúdú. Ní 1958, Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow kọ̀wé jáde lórí èkejì, èyí tó ń lo ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Ẹni tó bá ti kígbe rí lẹ́bàá Àpáta Zuma tí ohùn rẹ̀ sì padà wá bá a, ó ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ohùn wọ inú ara, ó kan nǹkan, ó padà, ẹ̀rọ sì fi ìpadàbọ̀ rẹ̀ ya àwòrán. Òun ni àwọn ìyá wa mọ̀ sí síkáànì aboyún. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní CT, tí Godfrey Hounsfield ṣe, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn kan ní London ní October 1971. X-ray náà ni, ṣùgbọ́n ó ń yí ènìyàn po, ó sì ń fi inú ara hàn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ẹni tó gé búrẹ́dì. Ohun tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń wo àrùn sàn. Wọ́n ń fi nǹkan hàn ni.

Ọ̀rọ̀ mi yóò túbọ̀ yé yín bí mo bá sọ ti ọmọkùnrin kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn kankan nínú ìtàn náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé ní apá Nyanya, iṣẹ́ káfíńtà ló ń kọ́. Ibà ti ń ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Níbi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò fún un, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ní ìlú yìí, ẹni tó bá ti lè na apá fún àyẹ̀wò, ibà àti táífọ́ọ̀dù ni wọn ó sọ pé ó ní! Nítorí náà kò sí ẹni tó bẹ̀rù. Ó ń lo oògùn díẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́ díẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, inú ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ìrora tó mú un ká jọ bí ìgbín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe síkáànì inú wá kí àwọn tó lè ṣe ohunkóhun. Wọn kò fa omi sí i lára, wọn kò fún un ní abẹ́rẹ́ kankan. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e lọ, kò sí iná. Ibi kejì ya àwòrán fún un, wọ́n ní dókítà tí yóò kà á kò ní dé títí di ọjọ́ Ajé. Ibi kẹta tún ya òmíràn, wọ́n sì kọ ìwé lé e. Ìgbà tí wọ́n fi padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán wọn, ó ti lọ sílé. Ọkọ̀ takisí ni ọmọ náà wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù kí wọ́n tó gbé e dé ibi tí èmi ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi ọwọ́ kan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú náà le bíi pátákó. Kò béèrè síkáànì. Ó pe nọ́ọ̀sì, wọ́n fa omi sí i ní apá méjèèjì, wọ́n fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn láti ojú iṣan, wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ìgbà tí omi ń lọ lára rẹ̀ tán ni ó tó ní kí n ya X-ray kan ṣoṣo. Ó yẹ kí aláìsàn dìde dúró fún irú X-ray yẹn. Ọmọ náà kò lè dúró, a sì fi ìhà òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀, a yà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó kú ní ọjọ́ kẹta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú àwòrán méjì tó ná owó lé lórí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nínú àpò ńlá tí wọ́n fi wọ́n sí. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ṣé àwòrán wọ̀nyí kò dára ni?” Mo wò wọ́n sí ojú iná. Àwòrán náà dára. Èyí tí ibi kẹta yà tilẹ̀ dára ju tèmi lọ. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Orúkọ tí a ń pe táífọ́ọ̀dù ní èdè wa, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, kò sí dókítà tó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn ni kòkòrò rẹ̀ ti ń wọlé. Ó máa ń fi ìparí ìfun kékeré ṣe ibùdó. Bí kò bá rí oògùn tó péye, ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ó lè dá ihò sí ìfun lára, ohun tó wà nínú ìfun á sì tú sínú ikùn. Afẹ́fẹ́ inú ìfun náà á jáde, á gòkè lọ sábẹ́ iṣan tó pín àyà kúrò lára ikùn. Bí ènìyàn bá dúró tí a ya X-ray àyà rẹ̀, a ó rí afẹ́fẹ́ yìí lórí ẹ̀dọ̀ bí oṣù tuntun, ṣùgbọ́n oṣù dúdú ni. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ wa ní Nàìjíríà sì máa ń tẹnu mọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìfun rẹ̀ lu ni oṣù yẹn máa ń yọ lára rẹ̀. Bí ọwọ́ dókítà bá sọ pé ìfun ti lu, tí X-ray kò sì fi nǹkan hàn, ọwọ́ dókítà ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Níhìn-ín ni àríyànjiyàn àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Àwọn kan, pàápàá àwọn àgbà nínú wọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ kò pọ̀, gbà pé ojú, etí àti ọwọ́ ni àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ dókítà ti sọ síkáànì di ọ̀pá ìtìlẹ̀, pé wọn kò lè rìn láìsí i. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ tó ti ń rà, tí ìrà náà ń sáré gòkè, wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má ṣe gbé e wá sọ́dọ̀ tèmi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Irú àrùn yẹn lè jẹ ẹran ara púpọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀.

Àwọn kejì ní kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Wọ́n ní àrùn tó le jù ni èyí tó fara pamọ́, oògùn kì í sì í lè wọ inú ọyún tó ti pọ̀ jọ síbì kan. Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa o: ọyún ni mo wí, n kò wí oyún. Bí eéwo bá wà ní ìta, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àfi kí wọ́n là á. Bí ó bá wà nínú ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Bí ọyún bá kún àyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé tí òtútù àyà ń ṣe ńkọ́? Bí òkúta bá dí ojú ọ̀nà ìtọ̀, tí ìtọ̀ tó ti bàjẹ́ sì ń kún kíndìnrín, ta ni yóò fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n? Mo rántí ìyá kan tí ibà kọ̀ láti fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti pààrọ̀ oògùn fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Síkáànì alohùn tí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ fi eéwo kan tó tó ọsàn hàn nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fa ọyún náà nígbà tí ẹ̀rọ ń fi ọ̀nà han abẹ́rẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì ibà rọlẹ̀. Mo ṣì máa ń pàdé ìyá náà ní ọjà Wuse.

Ta ló wá jàre? Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tó parapọ̀ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Surviving Sepsis Campaign tún ìlànà wọn ṣe ní 2021. Wọ́n ní bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ti lọ sílẹ̀, tàbí tó dájú pé sepsis ni, kí oògùn tó ń pa kòkòrò wọ ara rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bí kò bá dájú tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì tíì lọ sílẹ̀, wọ́n gba dókítà láyè wákàtí mẹ́ta láti fi yára wádìí. Wọ́n sì tún ní kí wọ́n wá orísun àrùn náà kíákíá, kí wọ́n sì yọ ọ́ tàbí kí wọ́n là á ní kété tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ rí i pé wọn kò lé síkáànì jáde nínú ilé. Àyè tirẹ̀ ni wọ́n fi hàn án: ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, oògùn, omi, lẹ́yìn náà kí síkáànì máa bọ̀ kíákíá. Aláìsàn tí oògùn ti ń lọ lára rẹ̀ lè dúró de àwòrán. Èyí tí kò tíì rí oògùn kò lè dúró.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ mìíràn tó sún mọ́ wa níhìn-ín ní apá àríwá. Ọdún 2017 ni àrùn yínrùnyínrùn jà gidigidi ní Zamfara, Sókótó, Katsina, Kebbi àti Niger tó bá wa pààlà. Àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú lé ní 14,000, àwọn tó kú sì lé ní 1,100. Àrùn náà máa ń wọ awọ tó bo ọpọlọ, ọrùn á le gan-in. Láti mọ̀ ọ́n dájú, dókítà gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ gba omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn wa bẹ̀rù abẹ́rẹ́ yìí, wọ́n ní ó ń rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, àrùn náà ló ń sọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara. Àwọn dókítà kan máa ń fẹ́ kí wọ́n ya CT orí ná kí wọ́n tó gba omi náà, nítorí bí nǹkan bá wú nínú orí, gbígba omi ẹ̀yìn lè léwu. Èrò tó borí báyìí ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò CT yẹn. Ẹni tó dákú, tó ní gìrì, tí apá kan ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tàbí tí ara rẹ̀ kò lágbára láti bá àrùn jà tẹ́lẹ̀ ni. Yálà wọn ó ya CT tàbí wọn kò ní yà á, abẹ́rẹ́ oògùn kò gbọdọ̀ dúró dè é.

Ti àrùn Kòrónà náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní February 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, tí ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada di ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó mú. Ìgbà náà ni àwọn olówó ń sá lọ ya CT àyà láti mọ̀ bóyá wọ́n ní i. Ní June ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí àyẹ̀wò imú àti ọ̀fun bá wà, tí èsì rẹ̀ sì ń yá, òun ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má ṣe fi àwòrán àyà dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí mímí ti ń ni lára, àwòrán wúlò láti mọ ẹni tí wọn ó dá dúró sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni èwo nínú ẹ̀rọ ni kí wọ́n lò. Bí ó bá jẹ́ ti rírí nǹkan kedere, CT ni ọ̀gá fún inú ikùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí kì í kúrò lórí ìtẹ́ rẹ̀. Aláìsàn ni yóò lọ kí i. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí atẹ́gùn wà nímú rẹ̀, gbígbé e láti wọ́ọ̀dù lọ sí yàrá CT, gbígbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì kan sórí èkejì, ewu ni. Mo ti rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró lórí tábìlì CT. Nítorí náà àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè fẹ́ràn síkáànì alohùn àti X-ray tó ní táyà, nítorí àwọn wọ̀nyẹn ń wá bá aláìsàn níbi tó wà. Síkáànì alohùn sì tún rọ owó lọ́rùn, kò ní ìtànṣán, a lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ inú ìfun àti ọ̀rá máa ń dí i lójú, ó sì dá lórí ọwọ́ ẹni tó mú un. Ẹ̀rọ kan náà, ní ọwọ́ ẹni méjì, ohun méjì ni yóò sọ.

Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ mi níta kí a tó wọlé pé ṣé ìtànṣán náà kì í pa ènìyàn. Ìyá wa, X-ray àyà kan kò ju ìwọ̀n ìtànṣán tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń fún gbogbo wa láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. CT ikùn pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ó tó èyí tí a ń gbà láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Fún ọmọdé àti aboyún, a gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí sepsis ń pa lọ lónìí, kò bọ́gbọ́n mu kí a máa bẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní ogún ọdún sí i. Bákan náà ni oògùn tí wọ́n máa ń fa sí iṣan kí àwòrán CT lè hàn ketekete. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀rù pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán ní Amẹ́ríkà àti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kíndìnrín níbẹ̀ jọ sọ pé ewu náà kò tó bí wọ́n ṣe rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ ṣì gba ìṣọ́ra, síbẹ̀ bí àwòrán náà bá máa gba ẹ̀mí rẹ̀ là, kí wọ́n má ṣe fi dù ú.

Ohun kan wà tí ó jẹ́ tiwa nìkan, àwa ará àjò. Ní December 12, 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó wá sí ìlú yìí pátápátá. Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Àkúrẹ́, ló sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tó fi ibí yìí hàn gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ní 1975. Àwọn kan nínú wa ti bí ọmọ-ọmọ síbí. Síbẹ̀, tí àìsàn bá ti le, ohun tí a máa ń sọ ni pé, “Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sílé.” A ó háyà ọkọ̀, a ó gba Lokoja, a ó forí lé Ìbàdàn tàbí Ìlọrin. Mo mọ ohun tó ń fà á: nílé, ìyá wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, wọn kì í béèrè owó lójú ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn náà lé ní 500 kìlómítà sí Ìbàdàn. Ẹni tí wákàtí kan ṣe pàtàkì fún, ẹ gbé e sójú ọ̀nà fún wákàtí mẹ́wàá láìsí omi, láìsí oògùn! Asokoro ní ilé ìwòsàn ìjọba, Maitama ní, Wuse ní, Garki ní, Nyanya, Kubwa àti Kuje náà ní. National Hospital wà láàárín ìlú láti 1999. Ẹ gbé e lọ sí èyí tó bá sún mọ́ yín kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbé e relé nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dá yín lẹ́kun.

Owó ni mo fẹ́ fi parí iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ rán mi. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí náírà méje nínú mẹ́wàá tí a ń ná sórí ìlera, láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni ó ti ń jáde. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní May 2022 sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń gbé ilẹ̀ yìí wà nínú ètò adójútòfò ìlera. Ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ níhìn-ín, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì béèrè dáadáa irú X-ray àti síkáànì tí ètò tirẹ̀ ń san, nítorí wọn kì í san gbogbo rẹ̀.

Ní ti owó ẹgbẹ́, ohun tí mo kọ fún ìgbìmọ̀ nìyí. Kí akápò ní owó kan lọ́wọ́ tí kò ní gba ìpàdé kankan kó tó jáde, fún omi, oògùn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́. Kí owó síkáànì wà lọ́tọ̀, kí ó jáde nígbà tí dókítà tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú bá kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ń wá. Bí ó bá ti kọ ọ́, kí ìgbìmọ̀ má ṣe bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn nígbà náà, kí wọ́n san án lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ní ọkọ̀ ní Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Gwagwalada, kí wọ́n jẹ́ kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún òru. Ẹni tó bá sì ní àwòrán tí wọ́n yà fún un tẹ́lẹ̀, kí ó má ṣe jù ú sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ó mú un dání, nítorí àwòrán àtijọ́ lè gbà á lọ́wọ́ owó tuntun.

Mo ti kọ àwọn ibi tí ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́ lóru àti ní ọjọ́ Àìkú sínú ìwé kan. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ gbà á kí ẹ tó lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní òun yóò máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀tun ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ni.

 Ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí àwọn tó fẹ́ dáwó lè rí àyè.